Ẹ Bi Wá Léèrè: Káńsílọ̀ Lójú Agbo

Lẹ́tà nípa káńsílọ̀ ló pọ̀ jù nínú àpò wa lóṣù yìí. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, mẹ́wàá ló wà ní ti Gúúsù, káńsílọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣojú wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí òfin yàn fún wọn wà ní gbọ̀ngàn káńsù, ní Kínnírá tàbí ní Arówómọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú agbo ni aráàlú ti ń rí wọn: níbi òkú àgbà, níbi ọdún, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ẹ̀rọ omi. Ibẹ̀ náà ni àṣìṣe ti ń bọ́ sí gbangba. A mú lẹ́tà méje.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀wé káńsílọ̀ kan ní Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Níbi ayẹyẹ kan, ọ̀gá mi kí alága káńsù kí ó tó kí ìjòyè tí Kábíyèsí rán wá. Ariwo ta. Báwo ló ṣe yẹ kí a to ìkíni?*

Ìjòyè tí Ṣọ̀ún, Ọba Ògbómọ̀ṣọ́, bá rán wá síbi ayẹyẹ, àga Ọba ló jókòó lé títí ayẹyẹ yóò fi tú. Bí a ó ti ṣe bí Kábíyèsí bá wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ náà la ó ṣe: òun la ó kọ́kọ́ kí, a ó sì sọ ọ́ síta pé Kábíyèsí là ń kí nípasẹ̀ rẹ̀. Alága káńsù tàbí aṣojú rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn ìjòyè yòókù àti àwọn baálẹ̀, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí àti ti Kristẹni, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ onílé, àwọn ọ̀dọ́. Bí gómìnà bá wá fúnra rẹ̀, ètò ìjọba ló máa darí ọjọ́ náà, nítorí gómìnà ló ṣáájú nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀, àfi bí ààrẹ tàbí igbákejì ààrẹ bá wà níbẹ̀. Irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ní àwọn elétò tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ má dá a tò.

Iṣẹ́ tiyín bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ pe ẹni tó ni ayẹyẹ, kí ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀ àti ẹni tó ń rán aṣojú. Ẹ kọ orúkọ, oyè, àti ẹni tí kálukú ṣojú fún sí káàdì, kí ó hàn gàdàgbà, kí ẹ sì fi àmì ohùn sórí oyè tó bá ṣòro pè. Orúkọ mẹ́jọ ti tó fún káàdì kan; ẹ fi àyè ẹni méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀ nítorí àlejò tó máa ń já wọlé nígbà tí ètò ti ń lọ. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ rìn gba iwájú àwọn àga kọjá kí ẹ fi ojú ara yín rí ẹni tó jókòó, kí ẹ fagi lé orúkọ ẹni tí kò wá. Ojú máa ń ti káńsílọ̀ tó bá ń kí àga òfìfo. Ìkíni kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju márùn-ún.

Àṣìṣe méjì ló burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èkíní ni pípe ènìyàn ní oyè tí wọn kò tíì já ewé rẹ̀ lé e lórí. Orúkọ rẹ̀ lè ti wà lẹ́nu gbogbo ìlú, ẹ pè é ní Alàgbà tàbí Alájì bí ó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pípe baálẹ̀ ní Kábíyèsí kí inú rẹ̀ lè dùn. Inú rẹ̀ á dùn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á ti dé ààfin kí ilẹ̀ tó ṣú, baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì lọ ṣàlàyé.

Ní ti èyí tó ti ṣẹlẹ̀, kí ọ̀gá yín mú àgbàlagbà kan dání lọ sílé ìjòyè náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹ má fi fóònù ṣe é.

*Káńsílọ̀ obìnrin ni mí. Àwọn ará wọ́ọ̀dù mi fẹ́ kí n kó wọn lọ kí Kábíyèsí, èmi náà kò sì mọ ètò ibẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.*

Ẹ kọ́kọ́ lọ fi tó ìjòyè tí àdúgbò yín wà lábẹ́ rẹ̀ létí. Bí ẹ bá fò ó, kò ní bá yín wọlé, ẹni tí kò sì rí ìjòyè mú un wọlé máa ń pẹ́ níta. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ààfin, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Inú lẹ́tà ni kí ìdí àbẹ̀wò wà, iye ènìyàn, àti ọjọ́ méjì tí ẹ lè wá, kí wọ́n mú èyí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. A mọ̀ pé ogójì ni yóò fẹ́ tẹ̀ lé yín, pẹ̀lú onílù, ṣùgbọ́n èrò tí a kò kọ sínú lẹ́tà ló máa ń fa ìjà lẹ́nu géètì. Bí ẹ bá wọlé, obìnrin á kúnlẹ̀. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á bọ́ bàtà, á dọ̀bálẹ̀. A kì í nawọ́ láti bọ Ọba lọ́wọ́. A kì í fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi ní kí ẹ sọ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó sì sọ ọ́. Ẹ̀yin ni ẹni náà. Ẹ̀bùn tí ẹ bá mú dání, ìjòyè tó mú yín wọlé ni kí ẹ fi lé lọ́wọ́, òun ni yóò gbé e síwájú Kábíyèsí. Kí ẹ̀bẹ̀ wọ́ọ̀dù má ju mẹ́ta lọ, kí ó wà lórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé ààfin nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ̀bẹ̀ tí a fẹnu sọ lásán, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á mú kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ẹ gba àyè kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù láti ya àwòrán.

Àwọn àgbà yóò sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé Ọba Ọládùnńní Oyèwùmí Ajagungbádé Kẹta, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1973 títí di 2021. Ẹ gbọ́ tiwọn tọwọ̀tọwọ̀. Ṣùgbọ́n Ọba Afọlábí Ghandi Ọláoyè ló wà lórí ìtẹ́ láti 2023, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ààfin lónìí ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò lónìí.

*Wọ́n fi mí ṣe alága ọjọ́ ìkówójọ kan ní àdúgbò wa. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n fún mi ní àwo ẹ̀yẹ, aṣọ òfì kan àti àpòòwé. Ìyàwó mi ní tiwa ni. Ǹjẹ́ tiwa ni lóòótọ́?*

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni ìyàwó yín sọ, ẹ má bá a jà. Àmọ́ Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 ti dá ẹjọ́ yìí kalẹ̀. Àfikún Karùn-ún rẹ̀ ni ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà, alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ káńsù sì wà lára àwọn tí ó dè. Ìpínrọ̀ kẹfà gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, níwọ̀n bí àṣà bá ṣe fàyè gbà á. Ó wá sọ pé èyí tí wọ́n bá fún un níbi ayẹyẹ ìgbangba, ti ilé iṣẹ́ tó ṣojú fún ni. Ìyẹn ni pé gbígbà tí ẹ gbà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Káńsù ló ni ín.

Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ bi ara yín pé: bí mi ò bá jẹ́ káńsílọ̀, ṣé wọn ì bá pè mí? Ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, wọn ì bá pè yín. Aṣọ tí wọ́n fún yín níbẹ̀, tiyín ni. Ọjọ́ ìkówójọ yìí, àga wọ́ọ̀dù ni wọ́n pè, ẹ̀yin lẹ kàn wà lórí rẹ̀ lásìkò yìí.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ fa ìlà márùn-ún sí i: ọjọ́, ibi ayẹyẹ, ẹni tó fúnni, ohun tó jẹ́ àti iye rẹ̀, ibi tí ó lọ. Ẹ kó ẹ̀bùn náà lọ sí káńsù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ gba ìwé pé wọ́n ti gbà á. Owó inú àpòòwé, ẹ kà á lójú ẹlòmíràn kí ẹ tó kọ ọ́. Oúnjẹ tí ẹ jẹ níbẹ̀ kò nílò àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ gọ́tà wọ́ọ̀dù yín bá gbé àgbò wá lásìkò Iléyá, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín ló gbé àgbò yẹn wá, òfin kan náà yìí kò sì fàyè gbà á.

*Wọ́n ní káńsílọ̀ tí kò bá ná owó fún aláyẹyẹ, ahun ni. Ǹjẹ́ òfin kan wà lórí owó níná lágbo?*

Ó wà. Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà sára ènìyàn, jíjó lórí rẹ̀ àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àwọn tó ń ta owó tuntun lẹ́nu ọ̀nà ayẹyẹ náà ń rú abala yìí kan náà. Kí káńsílọ̀ fi owó sínú àpòòwé, kí ó kọ orúkọ sí i, kí ó fi lé aláyẹyẹ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń kí i. Fún onílù, kí akọ̀wé mú tiwọn lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Bí ó bá tètè ṣe é kí ijó tó gbóná, ẹnu aráyé á dákẹ́.

*Ọmọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó káńsù. Káńsílọ̀ wa ní òun lè so wọ́n pọ̀ nílé wa, kí a má baà dúró de ọjọ́ 21. Ṣé ó ṣeé ṣe?*

Ẹ má gbà, mà. Káńsílọ̀ kò ní àṣẹ yẹn. Rẹ́jísírà ìgbéyàwó ló ní i, tàbí àlùfáà nínú ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Tọkọtaya á fi ìwé ìfilọ̀ fún rẹ́jísírà, yóò lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21 kí ẹni tó bá ní àtakò lè yọjú, lẹ́yìn náà ni yóò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ìgbéyàwó gbọdọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọjọ́ tí wọ́n fi ìfilọ̀ sílẹ̀ la sì ti ń ka oṣù mẹ́ta náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣìṣe: ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí jáde ni wọ́n ń kà, wọ́n á ti tẹ káàdì ìpè kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n gbọdọ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, ẹlẹ́rìí méjì á sì fọwọ́ sí i. Káńsílọ̀ yín lè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí méjì yẹn, ó sì lè ṣe alága àpèjẹ. Ìwé tí ó bá kọ fún wọn ní yàrá yín kò ní gbè wọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé kọ́ọ̀tù.

*Àgbàlagbà àdúgbò ni mí. Ọjọ́ tí egúngún máa jáde lọ́dún yìí bọ́ sí Jímọ̀, ọ̀nà wọn sì gba iwájú mọ́ṣáláṣí kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì ti ń lérí síra wọn. Kí ló yẹ kí káńsílọ̀ wa ṣe?*

Bàbá, ẹ kú àníyàn. Èyí ni iṣẹ́ tó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n bi wá lóṣù yìí, ó sì yẹ kí káńsílọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Kí ó kọ́kọ́ lọ sílé Alágbàáà, òun fúnra rẹ̀, láìrán ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, kí ó lọ sọ́dọ̀ Lèmọ́ọ̀mù. Kí ó gbọ́ ti kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó pe ìpàdé, nítorí ohun tí àgbà lè yọ̀ǹda ní yàrá, kò ní yọ̀ǹda rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá dé ìpàdé, ọ̀rọ̀ tó kù kò ní pọ̀ mọ́.

Kí ìpàdé náà má ṣe wáyé nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí, kí ó má ṣe wáyé nítòsí ìgbàlẹ̀, kí ó má sì wáyé nílé káńsílọ̀. Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dára, tàbí iwájú ilé ìjòyè. Ènìyàn mẹ́rin-mẹ́rin láti ìhà kọ̀ọ̀kan, méjì nínú mẹ́rin náà gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀dọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa wà lójú títì lọ́jọ́ náà. Àdéhùn tí àwọn àgbà nìkan bá ṣe, ìta gbangba ló ti máa ń já. Kí ìjòyè àdúgbò wà níbẹ̀, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò (DPO), àti ìyálọ́jà, nítorí àtẹ àwọn obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìjà bá dé.

Kí wọ́n ya ọ̀nà náà sórí ìwé, oríta kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí Alágbàáà dárúkọ gbogbo egúngún tó máa jáde, kí orúkọ atọ́kùn kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Láti aago 12:30 sí 2:30 ọ̀sán, kí egúngún kankan má wà láàárín igba mítà sí mọ́ṣáláṣí, kí ìlù ibẹ̀ sì dákẹ́. Kí Lèmọ́ọ̀mù náà ṣèlérí pé wáàsí ọjọ́ náà kò ní bú oníṣẹ̀ṣe láti orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìta, pé àwọn olùkírun kò sì ní tẹ́ ẹní kọjá ibi tí wọ́n jọ fi ẹfun sàmì sí. Kí àtòrì mọ láàárín àwọn tó ń tẹ̀ lé egúngún, kí ẹnikẹ́ni má mú ọ̀bẹ tàbí ìgò dání. Kí wọ́n fi wákàtí kan kún àsìkò ìjáde, nítorí ètùtù inú ilé máa ń gùn ju bí wọ́n ti rò lọ, ìdádúró yẹn gan-an ló sì máa ń mú egúngún kan mọ́ṣáláṣí lásìkò ìrun. Ẹ̀dà márùn-ún ni kí wọ́n ṣe, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i: ti Alágbàáà, ti Lèmọ́ọ̀mù, ti ìjòyè, ti DPO, ti káńsù.

Lọ́jọ́ náà, ènìyàn méjì ni kí ó dúró ní oríta kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so aṣọ aláwọ̀ kan náà mọ́ apá. Kí káńsílọ̀ ti wà níwájú mọ́ṣáláṣí láti aago méjìlá, kí ó má kúrò níbẹ̀ títí àwọn olùkírun yóò fi tú. Egúngún tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, tó bá ti àdúgbò mìíràn wá, Alágbàáà ni kí wọ́n pè kí ó dá a padà. Ọlọ́pàá kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan egúngún.

Ohun mẹ́ta ni kí káńsílọ̀ yẹra fún. Kí ó má gbìyànjú láti yí ọjọ́ ọdún padà, kò ní agbára rẹ̀. Kí ó má lọ sọ àdéhùn lórí rédíò kí gbogbo wọn tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì fẹ́ fi owó ran wọ́n lọ́wọ́, kí iye kan náà lọ sí ìhà méjèèjì, lójú gbogbo wọn. Ẹ̀sìn tirẹ̀ kò kan iṣẹ́ yìí: kò sí ẹni tó ní kí ó wọ ìgbàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí ó kírun.

*Ẹgbẹ́ onílé ni wá. Káńsílọ̀ fẹ́ wá gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ omi tuntun wa lọ́jọ́ Sátidé. Kí ni kí a yẹ̀ wò ṣáájú?*

Ẹ yẹ omi fúnra rẹ̀ wò. Òkúta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ìpele tó ti rọ̀ lórí òkúta àti inú ẹ̀là rẹ̀ là ń fa omi. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án, tí omi rẹ̀ ń tú yàà, fi lè gbẹ ní oṣù Kejì. Ẹ bi agbaṣẹ́ṣe bí kànga ṣe jìn tó, ibi tí omi dúró sí nínú rẹ̀, àti ibi tí wọ́n so ẹ̀rọ fífà sí. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fà fún wákàtí mélòó kan láìdúró, kí ẹ wò ó bóyá omi ń dín kù tàbí ó ń mú iyanrìn bọ̀. Ẹ wọn ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù; bí kò bá tó ọgbọ̀n mítà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu omi náà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò yẹn dára fún gbogbo ẹ̀rọ tuntun, ibi yòówù kí ó wà.

Ẹ yan ènìyàn márùn-ún tàbí méje tí yóò máa bójú tó o kí ọjọ́ Sátidé tó dé, kí obìnrin má dín ní méjì, nítorí àwọn ló ń pọn omi. Ẹ sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀, àti ẹni méjì tí yóò jọ máa fọwọ́ sí owó ní báńkì. Kí káńsílọ̀ má ṣe wà lára àwọn méjì yẹn. Ọjọ́ tí sáà rẹ̀ bá parí, owó á há sí báńkì.

Ẹ béèrè láti rí ohun tí wọ́n kọ sí òkúta ìrántí kí wọ́n tó fín in. Bí owó káńsù ló ṣe é, kí wọ́n má kọ ọ́ pé ẹ̀bùn káńsílọ̀ ni, bó ti wù kí ó sáré sí i tó. Kí orúkọ wọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ibi tí owó ti wá, àti nọ́ńbà fóònù tí ìyá tó bá bá ẹ̀rọ náà ní gbígbẹ lè pè.